Kí Lo Jẹ Ní Àkúrẹ́?

Ẹ rọra gbé ẹ̀rọ yín sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má gbé e sórí àga onírọ̀rí yẹn o, ìyá yín àgbà kò gbà kí nǹkan gbígbóná kàn án. Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, ìwọ lo mọ ilé, bu omi fún ọ̀rẹ́ rẹ. Dàmọ́lá lo pe orúkọ rẹ̀, àbí? Káàbọ̀, Dàmọ́lá. Ẹni tó bá ti Ìlárá-Mọ̀kín wá sí Oǹdó nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo, ó yẹ kó mumi kó tó sọ̀rọ̀.

Mo ti gbọ́ ìbéèrè náà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yunifásítì ti kó gbogbo jọ́nà, ìwé ìwádìí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Oǹdó yìí máa ń tẹ̀ jáde láyé àtijọ́ jọ, ẹ ti ya fọ́tò ojú ewé wọn kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń gbé wọn sórí ìkànnì kí gbogbo ayé lè rí wọn kà. Ẹ tún ń gbé ìwé ìdájọ́ tí àwọn olùyẹ̀wò kọ nígbà yẹn síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, àfi iṣẹ́ kan báyìí lórí bí àwọn obìnrin Bọ́lọ́rundúró ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti orúkọ ẹni tó dá a lẹ́jọ́, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀rọ yín ní òun kò gbà. Ó ń pọ́n bí ojú tí ata bọ́ sí. Ẹ wá rò pé akọ̀wé ọ́fíìsì kan ló ṣì í kọ, ẹ sì fẹ́ pa orúkọ kan rẹ́ kí ẹ̀rọ lè dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́. Èmi ni mo gbé ìwé yẹn lọ, èmi náà ni mo gbé e bọ̀.

Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé tó yín. Ìránṣẹ́ jọ́nà ni mí, Bọ̀dá Lẹ́tà ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè mí. Alùpùpù pupa kan ni wọ́n fún mi, ariwo rẹ̀ máa ń ṣáájú mi délé. Bí tíṣà kan bá kọ iṣẹ́ ìwádìí, akọ̀wé ẹ́dítọ̀ á fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ orúkọ rẹ̀ pa, á kọ nọ́ńbà sí i, á sì dì í sínú àpò lẹ́tà. Èmi á gbé e lọ bá ọ̀mọ̀wé mìíràn ní ìlú mìíràn, pàápàá Àkúrẹ́, kí ó lè sọ bóyá ó yẹ kó jáde. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó ń dá a lẹ́jọ́, adájọ́ náà kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Èmi ni mo wà láàárín wọn, nínú ẹrẹ̀ àti eruku.

Ìjẹta ni mo jókòó ti Tọ́pẹ́, fóònù rẹ̀ dún tín, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ kan ti dé láti Kánádà fún jọ́nà yunifásítì wa." Kí n tó bọ́ bàtà mi tán, ó ti fi ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò mẹ́ta. Mo ní, "Òjò kò pa á?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ẹ má rò pé inú ń bí mi o. Inú mi dùn. Ẹni tó ti fi nylon di ìwé mọ́ àyà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rí, tí òjò ń lù ú láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, kò ní bínú sí ohun tí kò mọ òjò.

Àmọ́ ayé wa náà dùn, mi ò ní parọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, taipuráítà mẹ́ta ni yóò máa ké papọ̀ nínú yàrá kékeré kan, wọ́n á máa ta kò ara wọn bí ìyàwó ilé kan náà. Taipuráítà wọ̀nyẹn kò mọ àmì ohùn, kò mọ dò, kò mọ mí. Nítorí náà, bí iṣẹ́ Yorùbá bá wà nínú jọ́nà, a máa ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ tí gbogbo wa á jókòó, tí a á fi bíárò dúdú fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bọ́wọ́ bá ro ọ́, wọ́n á ní kí o dìde na ara, kí o padà wá jókòó. Ẹ wo bí Tọ́pẹ́ ṣe ń la ẹnu.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ ìtò. A á so tábìlì pọ̀ yí gbọ̀ngàn ká, a á to ojú ewé sórí wọn lókìtì lókìtì, láti ọ̀kan títí dé òpin. Tíṣà, taipísì, ẹni tó ń roko ọgbà, gbogbo wa á máa yí tábìlì po, a á máa mú bébà kọ̀ọ̀kan láti orí òkìtì kọ̀ọ̀kan, orin á sì gbòde. Bí orin bá yá jù, wàhálà dé. Ẹni tó bá ń jó ju bó ṣe yẹ lọ, ojú ewé méjì ló máa ń mú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹ̀dà tó bá dàrú bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n ń fún. Mo ní wọn nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi, òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, òmíràn dorí kodò. Ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì, èmi ni mo ni àpótí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Nígbà ọdún Ògún pàápàá, gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun ní Oǹdó á fọ irin rẹ̀ mọ́. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ, mo máa ń so mọ̀rìwò mọ́ ọwọ́ alùpùpù, mo ní ẹwà lásán ni. Pásítọ̀ wa wò ó, ó wò mí, ó ní ẹwà náà pọ̀ o. Bí mo bá gùn ún bẹ́ẹ̀ wọ Alágbàká ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á máa yọjú lójú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àṣírí kan tí kò sí nínú fáìlì kankan. Ìdájọ́ inú àpò lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, mi ò gbọdọ̀ ṣí i, àwọn tíṣà tó ń retí kò sì gbọdọ̀ bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí wọ́n má bi mí ohun tí mo jẹ. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i. Olùyẹ̀wò tó bá ka iṣẹ́ tó dára, inú rẹ̀ á dùn, á ní kí wọ́n gúnyán fún ìránṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá ń fẹ́ àtúnṣe, ẹ̀bà ni, pẹ̀lú ẹran tó ń tijú. Bí kò bá dára rárá, omi tútù ni wọ́n á gbé fún mi, wọ́n á ní kí n bá wọn kí ará ilé. Nítorí náà, bí mo bá ti ń padà bọ̀, wọ́n á ti dúró sí géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ènìyàn ńlá ńlá tó wọ táì, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé mi: "Bọ̀dá Lẹ́tà, kí lo jẹ ní Àkúrẹ́?"

Tíṣà ìṣirò kan wà nínú wọn. Mo ní iyán ni mo jẹ, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ó fò sókè, ó lọ pa àkùkọ, ó pe gbogbo wa jẹun. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n ṣí àpò lẹ́tà, wọ́n ti da iṣẹ́ rẹ̀ nù pátápátá. Àṣé ìyàwó olùyẹ̀wò yẹn, kò sí ẹni tó wọ ilé rẹ̀ tí kì í gúnyán fún. Tíṣà náà kò kí mi fún oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti fi ìbéèrè kejì kún un: "Ta ló ní kí wọ́n gún un?"

Ó dára, ẹ má wo aago. Mo ti ń bọ̀ níbi tí ẹ ń lọ.

Míìsì Bọ́láńlé Àjàyí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa nígbà náà. Ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni, ohùn Àkúrẹ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ kódà bó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà máa ń dúró sí géètì, òun náà máa ń béèrè ohun tí mo jẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni mo gbé lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí ìyá yín àgbà lọ bá, kí ó lè bá mi tún un ṣe. Ó fi bíárò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn méjì. Mo ní, "Ṣé mo ṣì í kọ ni, mà?" Ó ní, "O kọ ọ́ dáadáa. Irọ́ ni." Mo ti kọ ọ́ pé mo ní ilé, mo sì ti kọ ọ́ pé mi ò sùn láti ọjọ́ tí mo ti rí i. Mo yọ méjèèjì kúrò. Ìyá yín àgbà gbà fún mi.

Míìsì kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún jọ́nà wa kí ó tó lọ. Ó lọ sílé ọkọ, ó di Ìyáàfin Ọláyẹmí, ó sì gba iṣẹ́ ìjọba nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Alágbàká. Iṣẹ́ tó kọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ́dítọ̀. Ẹ̀yin tí inú ń bí bí ìkànnì bá lo ìṣẹ́jú kan, ìwé máa ń sùn fún ọdún méjì nígbà tiwa, ẹnikẹ́ni kì í jí i. Ẹ́dítọ̀ tó mọ̀ ọ́n fẹ̀yìn tì, tuntun dé. Ẹ́dítọ̀ tuntun rí iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà lórí, tó sọ̀rọ̀ irúgbìn àti obìnrin. Ó béèrè ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà jù. Wọ́n ní Ìyáàfin Ọláyẹmí kan wà ní Àkúrẹ́. Kò mọ̀ pé òun ni Míìsì Àjàyí. Ó dì í sínú àpò, ó ní kí n máa gbé e lọ.

Èmi náà kò mọ ohun tó wà nínú àpò. Ìgbà tí mo dé ilé tí wọ́n júwe ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo kígbe, "Míìsì!" Ó ní, "Bọ̀dá Lẹ́tà, wọ ulé!" Mo wọlé, mo jókòó. Mo gbọ́ tí wọ́n ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, odó ń dún kìì, kìì. Inú mi sọ fún mi pé òní dára.

Ó ṣí àpò lẹ́tà. Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bọ̀dá Lẹ́tà, ṣé o mọ ẹni tó kọ èyí?"

"Rárá, mà. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i."

"Èmi ni."

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún mi pé oṣù yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ yan olórí ẹ̀ka àwọn àgbẹ̀ obìnrin níbi iṣẹ́ wọn, òun sì fẹ́ ipò náà tọkàntọkàn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti jáde nínú jọ́nà ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Mo dìde dúró, mo ní, "Olúwa ló ṣe é! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára, kí n máa gbé e lọ. Ta ló máa mọ̀?"

Ó wò mí bó ṣe wo lẹ́tà mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Èmi àti ìwọ. Ṣé ènìyàn méjì ò tíì pọ̀ tó ni?"

Ó jókòó, ó ka iṣẹ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mi orí. Ó kọ nǹkan gígùn sórí bébà, ó dì í, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Odó ti dákẹ́, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti gba gbogbo pálọ̀. Mo ti ń wo ibi tí mo máa ti fọwọ́. Ó wọ inú lọ, ó sì gbé ife omi kan jáde. Omi tútù, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ní kí n bá òun kí wọn ní Oǹdó.

Mo mu ún, mo dúpẹ́, mo jáde. Mi ò lè parọ́ fún yín, ó dùn mí. Mo ní nínú ara mi pé ipò ti mú ọwọ́ obìnrin yìí le, àní kò tíì gba ipò ọ̀hún pàápàá.

Nígbà tí mo dé afárá Ọ̀wẹnà, mo pa alùpùpù, mo gbé àpò lẹ́tà lé orí itan. Mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, omi ti sọ fún mi. Bí mo bá jẹ́ kó bọ́ sódò, tí mo ní atẹ́gùn ló gbé e, wọ́n á fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò tí kò mọ ohunkóhun, ó lè gbà á wọlé, Míìsì á sì gba ipò rẹ̀. Mo na ọwọ́ síta. Ọlọ́run gbọ́, mo na ọwọ́ síta. Ìlà pupa méjì yẹn ni mo rántí. Ká ní mo fi irọ́ yẹn ránṣẹ́ ni, ṣé ìyá yín àgbà á ṣì wà nílé mi lẹ́yìn tó bá bi mí pé ilé dà? Mo fi ìwé padà sí àyà, mo gbéra.

Ní géètì, wọ́n sáré bá mi. "Kí lo jẹ ní Àkúrẹ́?" Mo ní, "Omi." Wọ́n káwọ́ lérí bí ẹni pé mo túfọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́dítọ̀ ṣí i. Ó kà á jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín débi pé taipuráítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kà á sókè fún wa. Ó wà nínú fáìlì yín, bóyá ẹ kò kà á dé ìsàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n lórí: "Ẹni tó kọ iṣẹ́ yìí bi àwọn ọkùnrin léèrè iṣẹ́ obìnrin. Ó dúró síwájú ilé, kò wọ ilé ìdáná. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ó padà sí Bọ́lọ́rundúró." Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó wá kọ ọ́ sí pé: "Èmi Bọ́láńlé Ọláyẹmí ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà ni mo kọ ọ́ nígbà tí mò ń jẹ́ Àjàyí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá olùyẹ̀wò mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ẹni tó mọ àṣìṣe rẹ̀ jù mí lọ."

Ẹ́dítọ̀ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi èyí sí fáìlì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́." Ibẹ̀ lẹ ti bá a.

Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ipò náà, ó sì dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé, bí mo bá ń kọjá ní Bọ́lọ́rundúró, mo máa ń rí Míìsì níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ kún fún èéfín. Ó ti wọ ilé ìdáná. Ó rí odidi àgbàdo tí wọ́n so kọ́ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò. Ó rí irúgbìn ilá tí wọ́n fi eérú pò sínú akèrègbè kéékèèké. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ ní, "Àwọn ọkùnrin mọ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ṣé wọ́n bi ara wọn ibi tó ń sùn sí?" Ìwé tuntun tó kọ nìyẹn, orúkọ Ọláyẹmí ló fi kọ ọ́, fáìlì kan náà ni òun àti ìdájọ́ àtijọ́ yẹn sì wà; òun ni a tẹ̀ jáde, òun lẹ ti gbé sórí ìkànnì. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò dé ìdí ààrò.

Nígbà tí Tọ́pẹ́ fi iṣẹ́ náà hàn mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó sì sọ fún mi pé ẹnìkan ti kà á ní ilẹ̀ Brazil, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò so kọ́ sínú èéfín, tí eku ti jẹ etí rẹ̀, ẹ ti so ó kọ́ síbi tí kòkòrò ò lè dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ orúkọ méjì fún mi lórí fóònù, mo ní ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ táásì lọ sí Àkúrẹ́.

Ó ti dàgbà gan-an. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Mo gbé fóònù fún un. Ó fi ìka méjì fẹ lẹ́tà sí i, ó ń ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń mi orí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ kò gbà kí onítọ̀hún dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ó ní, "Uṣẹ́ ta ni? Uṣẹ́ mi ni. Ìdájọ́ ta ni? Ìdájọ́ mi ni. Kí wọ́n fi méjèèjì síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń bínú, kó bínú lọ."

Nítorí náà, Dàmọ́lá, o ní àyè wà láti kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pé kì í ṣe àṣìṣe.

Mo fẹ́ dìde lọ́jọ́ Sátidé náà nígbà tí Míìsì fi ọ̀pá rẹ̀ dá mi dúró. Ó ní, "O bínú sí mi lọ́jọ́ tí mo fún ọ lómi." Mo ní rárá, mà. Ó ní, "Má parọ́, Bọ̀dá Lẹ́tà. Èmi náà ti dúró sí géètì yẹn rí. Uyán wà nínú ulé lọ́jọ́ yẹn, o gbọ́ odó. Bí mo bá fún ọ, kí lo máa sọ fún wọn ní Oǹdó?"

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ahun ni. Omijé ayọ̀ ń dà lójú mi bí ọmọdé.

Ó yíjú sí ilé ìdáná, ó ké sí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ gbé e wá!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, kò sí èyí tó bi mí nínú yín. Ó yá, ẹ bi mí bí wọ́n ṣe máa ń bi mí ní géètì.